Sabres, tíìmù họ́kì Buffalo, ò tún wọ playoff: ṣé kí n san owó síìtì ọdún tó ń bọ̀ àbí kí n jáwọ́?

Baba_Morenike

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lọ̀pọ̀ yín ń wò, téèyàn bá ti dárúkọ họ́kì níbí ẹ̀rín lẹ máa fi ń pa á, ẹ ṣáà gbọ́ tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé Buffalo, sínóò tó ń já lulẹ̀ níbí kì í ṣe kékeré, téèyàn ò bá rí nǹkan kan dì mú láàárín November sí April, á kàn jókòó sílé máa wo ògiri ni. Họ́kì lèmi dì mú. Mi ò mọ̀ pé òun gan-an ló máa sọ mí di aláròyé.

Sáà 2024-25 parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sabres ò wọ playoff, ìdíje àwọn tó mókè lẹ́yìn sáà. Ọdún kẹrìnlá léraléra nìyí, kò sí tíìmù kankan tó tíì pẹ́ níta tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá NHL, líìgì họ́kì yìí, sílẹ̀. 2011 ni wọ́n wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, Flyers ti Philadelphia ló lé wọn dànù ní géèmù keje nínú ráúndì àkọ́kọ́, látọjọ́ náà, òfo. Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ó máa pé ọmọ ọdún 12 lóṣù tó ń bọ̀, ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn, ó máa ń bá mi jiyàn lórí Dahlin, ọ̀kan nínú wọn, títí oúnjẹ á fi tutù. Lọ́jọ́ kan la wà nínú mọ́tò tó ní, "Daddy, ṣé wọ́n tiẹ̀ gba Buffalo láyè kó wọ playoff ni?" Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ó rò pé òfin kan ló wà.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Síìtì méjì ni mo ní, lókè téńté, lápá 300, ibi tá a ti ń wo àwọn tó wà lórí yìnyín bí ẹni ń wo èèrà. Bàbá òyìnbó kan ló ni síìtì ẹ̀gbẹ́ wa, ọmọ àwọn Pólándì tó pọ̀ ní Cheektowaga, ó ti lé ní 70, látìgbà tí wọ́n ti ń gbá a nínú Aud, gbọ̀ngàn àtijọ́ wọn, ló ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó kó wá síbi tuntun ní 1996. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ọmọ Sabres kan gbá pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, láti ìpẹ̀kun ọ̀dọ̀ wa, ó fi lọ tààrà dé ìpẹ̀kun kejì, mo fò sókè pé ìgbá ńlá nìyẹn o! Fèrè dún, gbogbo èèyàn jókòó, èmi nìkan ni mo dúró. Bàbá fà mí lápá aṣọ, ó kó ẹ̀pà jáde lápò, ó fi èèpo ẹ̀pà fa láìnì sórí itan ẹ̀, ó to ẹ̀pà márùn-ún síbí márùn-ún sọ́hùn-ún, ó ṣàlàyé icing tí wọ́n fọn fèrè sí yẹn fún mi, ó ṣàlàyé ọ́fúsáìdì, nígbà tó parí ó kó gbogbo tíìmù méjèèjì jù sẹ́nu.

Ọdún méje rèé tá a ti jọ ń jókòó bẹ́ẹ̀. Mi ò dé ilé ẹ̀ rí, òun náà ò dé tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí màámi kú ní Òṣogbo lọ́dún tó kọjá, tí mo pa géèmù mẹ́ta jẹ, ọjọ́ tí mo padà dé ó na káàdì kan sí mi, gbogbo àwọn tó ń jókòó ní ìlà wa ló ti fọwọ́ sí i, àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn rí, torí "ọ̀gá" lèmi ń pe ọkùnrin gbogbo níbẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ kẹta December tí Colorado wá, a ti gbá mẹ́rin sí òdo! Mẹ́rin! Ilé ń mì tìtì. Wọ́n sì fi márùn-ún sí mẹ́rin lù wá nínú ilé wa. Nígbà tí ìkẹrin wọn wọlé, bàbá bọ́ fìlà ẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó ń fi àtàǹpàkò ra orí idà méjì tó wà lábẹ́ ẹfọ̀n, àmì Sabres, bí ẹni fẹ́ kó parẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Àárín ìgbà tí wọ́n gbá géèmù 13 láìborí ẹyọ kan ni èyí o, ẹ má gbàgbé.

Ní báyìí bàbá ní òun ò san owó mọ́. Ó ní owó wa ni wọ́n fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi ní ohun tóun ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin náà ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ọmọ ń sunkún. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n ṣe?

AdeSnowbelt

Má san o ẹ̀gbọ́n. Má san, má san, má san.

Èmi náà sanwó fọ́dún márùn-ún kí ojú mi tó là. Ẹ jẹ́ n ka nǹkan kan fún yín. Ryan O'Reilly, wọ́n tà á fún St. Louis ní 2018, ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba Stanley Cup, ife líìgì yìí, òun náà ni wọ́n tún fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mókè jù nínú playoff. Jack Eichel, balógun wa, ọrùn ń dùn ún, ó ní irú iṣẹ́ abẹ báyìí lòun fẹ́, tíìmù ní àwọn ò gbà, wọ́n fà á títí wọ́n fi gba ipò balógun lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tà á fún Vegas ní 2021, ó ṣe iṣẹ́ abẹ tó fẹ́, ó gba Cup ní 2023. Sam Reinhart lọ Florida, òun ló gbá gọ́ọ̀lù tó fún wọn ní Cup ní géèmù keje ní 2024. Àwa là ń rọbí, ilé onílé ni wọ́n ti ń jẹ ìkómọ!

Ọ̀gbẹ́ni Pegula nígbà tó ra tíìmù yìí ní 2011, ó jókòó síwájú oníròyìn, ó ní látòní lọ ìdí tí Sabres fi wà láyé ni kó gba Stanley Cup. Playoff ọdún tó rà á yẹn gan-an ni ìkẹyìn. Kóòṣì tó mú wa débẹ̀, Lindy Ruff, wọ́n lé e ní 2013, wọ́n gba kóòṣì mìíràn, wọ́n lé e, wọ́n gba òmíràn, wọ́n lé e, ọdún tó kọjá wọ́n tún lọ bẹ Lindy Ruff pé kó máa bọ̀. Ṣé irú èyí ò jọ ọkọ tó ń lé ìyàwó kiri?

Ẹ ò sì gbọ́ ti mánéjà wa ní December? Ó ní ìdí tí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kì í fẹ́ẹ́ wá sí Buffalo ni pé a ò ní igi ọ̀pẹ, owó orí sì ga ní New York. Igi ọ̀pẹ o! Tó bá jẹ́ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń gba Cup, Òkìtìpupa ì bá ti gba mẹ́wàá.

Jáwọ́ ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí síìtì bá ṣófo ni wọ́n máa gbọ́.

IyaAduke_Amherst

Adé, mo kí ẹ o, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ lo sọ. O ka àwọn tó lọ, o ò ka ẹni tó dé. Ṣebí torí O'Reilly tí wọ́n tà yẹn la fi rí Tage Thompson gbà, tó gbá gọ́ọ̀lù 47 ní sáà 2022-23? Sáà yẹn pọ́ìǹtì kan péré la fi pàdánù playoff, Florida ló fi pọ́ìǹtì kan yẹn wọlé tó sì lọ bá wọn dé àṣekágbá. Pọ́ìǹtì kan. Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá Mórẹ́nikẹ́, àbúrò mi, èmi ti rí playoff níbí o. 2009 ni mo dé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà, mi ò mọ họ́kì mọ ẹ̀pà, rédíò mọ́tò ló kó mi wọ̀ ọ́. Rick Jeanneret! Ọkùnrin yẹn, Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí rere, tó bá ń ka géèmù ńṣe ló dà bí akéwì tó ń ki ọba, ohùn ẹ̀ á máa gùn máa gùn títí á fi já. Èmi tí mi ò tíì rí pọ́ọ̀kì rí lójú, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, máa tan hítà, mi ò ní lè sọ̀kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá parí. Nígbà tó di April 2011, fláàgì Sabres wà lára mọ́tò gbogbo, àwọn tí ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà dúró síta nínú òtútù níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ń wò ó lára tẹlifíṣọ̀n ńlá, ẹni tó ò mọ̀ rí á dì mọ́ ẹ. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ yín rí i.

Tá a bá sì máa sọ òótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Kì í ṣe Pegula nìkan ló ṣe wá. Ẹ rántí 2015? Àwọn kan nínú wa ló ń gbàdúrà pé ká gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló sún mọ́ Connor McDavid jù, ọmọ tó dáa jù nínú àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn tíìmù fẹ́ mú lọ́dún náà. Arizona wá síbí ní ìparí March, àwọn náà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú wa, géèmù wọ ẹ́kísírà táìmù, Arizona gbá a wọlé, àwọn èèyàn wa, nínú ilé wa, pẹ̀lú jẹ́sì wa lọ́rùn, wọ́n dìde wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Àwọn ọmọ tó ń gbá a gbọ́ ọ, ó dùn wọ́n dọ́kàn, wọ́n sì sọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ a gbẹ̀yìn lóòótọ́, lọ́tírì tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ọmọ sì gbé McDavid fún Edmonton. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí jì í.

AdeSnowbelt

Hmm. Màmá Àdùkẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan egbò.

Èmi náà pàtẹ́wọ́ o. Mo wà níbẹ̀. Ẹ má bú mi, mo jẹ́ ọmọ ọdún 22, gbogbo ayé ló ń sọ pé McDavid ló máa tún ayé wa ṣe, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ṣírò ẹ̀ sórí bébà. Ohun tí mi ò gbàgbé ni obìnrin kan tó wà níwájú wa, ó yí padà wò wá, kò bínú kò rẹ́rìn-ín, ó kàn wò wá, ó kó kóòtù ẹ̀ ó lọ.

Ṣùgbọ́n mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ò lè di ẹ̀bi ẹni tó ń ba tíìmù jẹ́ fún ọdún 14 ru ìpàtẹ́wọ́ alẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n borí géèmù 10 tẹ̀ léra ní November 2018 kí wọ́n sì tún rọ́ lulẹ̀ sáà kan náà? Ṣé èmi ni mo gbá géèmù 18 láìborí ní 2021? Wọ́n lé kóòṣì láàárín ẹ̀ gan-an, wọn ò tún borí!

IyaAduke_Amherst

Mi ò ní ìwọ nìkan. Mo ní kó o jẹ́wọ́, o sì ti jẹ́wọ́. Ó tán.

Ijebu_GTA

Ẹ kú ìnira o ẹ̀yin ará Buffalo 😂😂 Mississauga ni mo wà, Maple Leafs ni wá, à ń gbá playoff lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń sunkún yìí. Bàbá Mórẹ́nikẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ sanwó o, ẹ má jáwọ́, torí tíkẹ́ẹ̀tì ní Toronto ti kọjá agbára wa, Buffalo la máa ń wá láti wo tíìmù wa, kò tó wákàtí méjì lójú títì tí bọ́dà ò bá dí. Tá a bá kún inú ilé yín bámúbámú, tá a bá ń pariwo "Go Leafs Go", ẹ máa rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá wa tọ́jú ibẹ̀.

IyaAduke_Amherst

Wò ó, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọdún wo lẹ gba Cup kẹ́yìn? Dáhùn. 1967. Tíìmù mẹ́fà péré ló wà nínú líìgì nígbà náà! Ìyá tó bí mi ò tíì délé ọkọ.

AdeSnowbelt

Ẹ bá mi bi í mà! Ẹ bi í pé ta ló lù wọ́n ní 1999 nígbà tá a pàdé kí ẹnì kan tó lọ àṣekágbá, géèmù márùn-ún péré ló gbà wá. Ẹ bi í nípa Boston àti géèmù keje, 2013, 2018, 2019, 2024, ẹ jẹ́ kó kà á fún wa. Tíìmù wa burú, tiwa ni. Ìwọ ò gbọ́dọ̀ dá sí i.

Ijebu_GTA

Ah ah, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ para yín jẹ níṣẹ̀ẹ́jú méjì sẹ́yìn? 1999 lẹ ṣì ń jẹ lẹ́nu. Ṣé kì í ṣe ọdún yẹn ni Dallas gba Cup mọ́ yín lọ́wọ́?

Baba_Morenike

Ọ̀gá, kì í ṣe gọ́ọ̀lù. Má dá a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Brett Hull wà nínú ibi tó yí gólì ká kí pọ́ọ̀kì tó wọlé, òfin sáà yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ́kísírà táìmù kẹta ló jẹ́, Hasek, gólì wa, ti nà sílẹ̀. Èmi tí mo wà ní Òṣogbo lọ́dún náà, tí mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ họ́kì, inú ń bí mi sí i dòní, torí bàbá Cheektowaga ti fi ẹ̀pà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ó tó ìgbà ogún.

Omo_Adamasingba

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tòkè òkun, họ́kì yìí, ṣé èyí tí wọ́n ń fi igi gbá ni? Tí wọ́n sì máa ń jà tí rẹfirí á kàn dúró máa wò wọ́n? Mo ti rí i lórí YouTube, ó dùn ún wò.

Èmi ò mọ Sabres ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe yín. 3SC, Shooting Stars ti Ìbàdàn, ni mo ń ṣe. Tíìmù tó kọ́kọ́ gbé ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wọ Nàìjíríà, 1976, bàbá mi wà láàárín èrò tó lọ pàdé wọn, ìtàn yẹn ni mo gbọ́ dàgbà. Èmi wá dàgbà tán, kí ni mo rí? Mo rí wọn tí wọ́n já sí líìgì kejì, mo rí wọn tí wọ́n gòkè, mo tún rí wọn tí wọ́n já. Lọ́jọ́ Sunday mo ṣì máa ń lọ Adamasingba. Àwa mẹ́rin kan la máa ń jókòó sójú kan, ọ̀kan nínú wa, látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ní ìgbẹ̀yìn òun nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, ó sì ti ra bọ́ọ̀lì sílẹ̀.

Ẹ bi bàbá òyìnbó yẹn dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu lásán ni.

AdeSnowbelt

Ọmọ Adámásingbá, tiyín sàn, ẹ̀yin lè já bọ́ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ sì tún gòkè. Níbí tíìmù kì í já. Tó o bá gbẹ̀yìn, ìwọ ni lọ́tírì máa fún ní àǹfààní jù láti mú ọmọ tó dáa jù. Ìdí tí olówó fi ń sùn nìyẹn, kò sí ìyà. Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: ẹ má san.

Baba_Morenike

Ẹ ṣé o gbogbo yín. Mo ṣe bí Adámásingbá ṣe wí, mo pe bàbá lánàá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tá a máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó pariwo bí ẹni pé mo wà ní Òṣogbo. Mo ní bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ ò san. Ó ní òun ò san kọ́bọ̀. Ó bú mánéjà, ó bú olówó, ó bú ọ̀pẹ, ó bú Vegas tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún ọmọ òun pé kó bá òun ra sátẹláìtì, òun á máa wò ó láti orí àga òun, bíà inú fíríìjì òun ò wọ́n tó ti gbọ̀ngàn. Mo ní ó dáa bàbá, mo gbọ́. A dákẹ́. Ó wá ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe lọ́tírì draft?"

Mo ní mi ò mọ̀, bóyá ìbẹ̀rẹ̀ May. Ó ní kí n wò ó dáadáa kí n pe òun padà, torí ó fẹ́ mọ ipò tá a máa mú. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Mórẹ́nikẹ́ ti fẹ́ràn ẹ̀pà oníyọ̀ báyìí àbí èyí tí ò níyọ̀ náà ló ṣì ń jẹ.

Mo ti san owó síìtì méjì. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀, ẹ bá mi pa á mọ́. Síìtì bàbá wà nílẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó ń tà á ní àwọn á dì í mú dìgbà tí àkókò tí wọ́n fún un bá pé, ìyẹn kù díẹ̀.

AdeSnowbelt

Ẹ̀gbọ́n ẹ dójú tì mí o.

Ṣùgbọ́n tó bá di pé bàbá ò wá, ọjọ́ tí Toronto bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan yẹn. Mi ò fún Pegula lówó o, ọwọ́ yín ni mo ti rà á. Mi ò kàn fẹ́ kí ọmọ Leafs jókòó síbẹ̀ ni.

Ijebu_GTA

Mo fi ìlọ́po méjì lé e. Mo tún máa gbé ìkọ́kọrẹ́ wá.

Baba_Morenike

Kò sí nínú ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́, ìgbà wo lo máa gbé e wá?